Ìràwọ̀ Onírù Lójú Ọ̀run Agége

Oṣù mẹ́wàá kọjá lẹ́yìn tí ọkọ Ìbísọ́lá já bọ́ láti orí dẹ́kìn òkè ilé wọn kí obìnrin náà tó lè fọwọ́ kan awò olójú méjì tó wà lọ́rùn ọkùnrin náà nígbà tó ń já bọ̀. Ó fi gèlè dúdú kan wé e, ó tì í sísàlẹ̀ báàgì, ó sì di Ìkẹjà. Ó gba àárín àwọn tó ń ta fóònù kọjá láìdá ẹnikẹ́ni tó ń fà á lápá lóhùn, títí ó fi gun àtẹ̀gùn ilé kan tó ṣókùnkùn dé ṣọ́ọ̀bù Dàwódù, ọkùnrin tó ń tún kámẹ́rà ṣe.

Àǹtí Shukurat ló júwe ibẹ̀ fún un. Ibi iṣẹ́ kan náà ni òun àti Ìbísọ́lá wà, àbúrò ìyá Shukurat ló sì bí Dàwódù.

"Ohunkóhun tó bá ti ní gíláàsì nínú," ni Shukurat wí, "bí Dàwódù ò bá lè tún un ṣe, kí o gbé e jù nù ni."

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ. Ọkùnrin kan tó ń sún mọ́ ogójì ọdún jókòó láàárín àwọn kámẹ́rà tó ti tú palẹ̀. Ó kí Ìbísọ́lá, ó gba awò náà, ó gbé e sójú, ó sì kọjú sí fèrèsé láti wo òpó ẹ̀rọ fóònù kan tó wà lọ́nà Aláúsá.

"Méjì ni mò ń rí," ni ó wí. "Òpó kan ti di méjì. Gíláàsì inú rẹ̀ ló ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Kí ló ṣe é, madam?"

"Ó já bọ́ ni."

"Láti orí tábìlì?"

"Láti òkè pẹtẹ́ẹ̀sì."

Dàwódù gbé awò kúrò lójú. Ó wo aṣọ dúdú tó wà lára obìnrin náà, kò sì béèrè ohun kan mọ́. "Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Nígbà tí Ìbísọ́lá padà dé lọ́jọ́bọ̀, òpó kan ṣoṣo ló rí lọ́nà Aláúsá. Ó dúpẹ́, ó ń wé gèlè padà mọ́ awò náà lọ́wọ́, nígbà tí Dàwódù sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ṣọ́ọ̀bù kejì gbọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára rọ́bà ibi ojú. Mo fi aṣọ funfun nù ún, mo sì ká aṣọ náà sọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mú un lọ, ó wà níbí. Bí ẹ ò bá fẹ́, màá bá yín sin ín."

Láti ọjọ́ tí Ọpẹ́ ti kú, àwọn ènìyàn ti bá Ìbísọ́lá sọ̀rọ̀ sùúrù, wọ́n ti ka Bíbélì fún un, wọ́n ti ní kí ó gbàgbé. Kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí a sin ìyókù ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà.

"Ẹ bá mi sin ín," ni ó wí, ó sì yára sọ̀ kalẹ̀ kí ẹkún tó ká a mọ́ ibẹ̀.

Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí Ògúnlànà ni orúkọ ọkọ rẹ̀, Ọpẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ wáyà ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni ọkàn rẹ̀ ń gbé. Ó ra tẹlisíkóòpù kékeré kan nínú ẹrù tòkunbọ̀, ó wá awò olójú méjì kún un, ó sì ń fi wọ́n wá ìràwọ̀ onírù, àwọn tó máa ń ti ọ̀nà jíjìn rére wá, tí wọ́n á kọjá lẹ́bàá oòrùn pẹ̀lú ìrù bí èéfín lẹ́yìn wọn, tí wọ́n á sì tún bá tiwọn lọ. Bó bá ti rí ọ̀kan, á kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, aago, bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó, bí ìrù rẹ̀ ṣe gùn tó. Ó fẹ́ràn láti máa sọ pé ojú ìyàwó òun sàn ju gíláàsì òun lọ. Kò purọ́. Iṣẹ́ Ìbísọ́lá ni pé kí ó jókòó síwájú iná funfun ní ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Ìkẹjà, kí ó máa gbé ìgò oògùn olómi sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó máa wò bóyá eruku tàbí irun kan ń fò kiri nínú rẹ̀. Ohun tí ojú ẹlòmíràn á fò kọjá, ojú tirẹ̀ á mú un.

Ilé pẹtẹ́ẹ̀sì àwọn Ògúnlànà ní Agége ni wọ́n ń gbé, àwọn pẹ̀lú ìyá Ọpẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá. Ìbísọ́lá ti di aláìní ìyá àti bàbá kí ó tó pé ogún ọdún, nítorí náà nígbà tí Ọpẹ́ kú, tí kò sì sí ọmọ láàárín wọn, kò ríbi lọ, Màmá náà kò sì sọ pé kí ó lọ. Ìkòkò kan náà ni wọ́n ṣì ń sè. "Ìyàwó mi" ni Màmá ṣì ń pè é.

Ohun tí ayé mọ̀ ni pé Ọpẹ́ gun orí dẹ́kìn ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àwọn mọ́ṣáláṣí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìpè àsùbá, láti wo ìràwọ̀ onírù ńlá kan tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ lọ́dún náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀ níbi tí wọn ò tíì mọ ògiri sí. Ìyàwó rẹ̀ ń sùn lọ́wọ́.

"Mo sùn ni," ni Ìbísọ́lá wí fún ọlọ́pàá. "Mo sùn ni," ni ó wí fún Màmá.

Kò sùn. Láti ọjọ́ náà, bí àsùbá bá ti ń sún mọ́lé, ojú rẹ̀ á là fúnra rẹ̀. Ohùn obìnrin kan á pe Ọpẹ́ láti òkè, ohùn tó le, tó sì gbóná. Ìbísọ́lá á fi ìrọ̀rí bo etí, ṣùgbọ́n kí ni ìrọ̀rí fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀?

Fóònù Ọpẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìbísọ́lá kì í jẹ́ kí ó kú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ wọlé síbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n máa ń bá Ọpẹ́ wo ojú ọ̀run: ìràwọ̀ onírù mìíràn ń bọ̀, yóò máa yọ lápá ìwọ̀ oòrùn lẹ́yìn ìrun mọ̀gíríbì, bó bá sì lọ, ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí ó tó tún padà. "Ọpẹ́, o dà?" ni ẹnì kan kọ sísàlẹ̀. Ó jọ pé ẹni náà kò gbọ́ pé Ọpẹ́ ti kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Ìbísọ́lá jẹun lọ́jọ́ náà. Ó pinnu pé òun yóò wo ìràwọ̀ náà fún Ọpẹ́, òun yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń to tẹlisíkóòpù, Màmá sì ti ti ilẹ̀kùn dẹ́kìn pa láti ọjọ́ ìsìnkú. Ta ni ó kù tí kì í ṣe Dàwódù?

Dàwódù gbà. Àǹtí Shukurat tẹ̀lé àwọn méjèèjì lọ sí pápá ilé ìwé kan lẹ́bàá ojú irin, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnu ayé kàn wọ́n. Dàwódù kọ́kọ́ tẹ́ ẹní, ó kírun, lẹ́yìn náà ló gbé tẹlisíkóòpù lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Iná ilé iṣẹ́ tó wà nítòsí mọ́ gidi débi pé ojú ọ̀run funfun bí omi ògì. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí nǹkan. Àfi bí iná ṣe lọ ní gbogbo àdúgbò. Àwọn ènìyàn kígbe ìbínú láti ilé dé ilé. Àwọn mẹ́ta tó wà lórí pápá pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ṣé o, ẹ̀yin oníná," ni Shukurat wí. "Ọjọ́ kan tí ẹ máa ṣe wá lóore rèé."

Kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ni Ìbísọ́lá rí i nínú awò olójú méjì: ohun kan tó rí bí òwú tútù, tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, tí ìrù rẹ̀ tín-ín-rín nà sókè. Ó fi awò náà lé Dàwódù lọ́wọ́.

"Mi ò rí i," ni Dàwódù wí.

"Ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé kò kàn yín. Òun fúnra rẹ̀ á yọ."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lójijì ni ó mí kanlẹ̀. "Sùbùháná-Lláhì." Ó pẹ́ kí ó tó gbé awò kúrò lójú. "Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀?"

"Ọkọ mi."

"Ó kọ́ yín dáadáa."

Kò bojú jẹ́. Ìbísọ́lá ṣí ìwé Ọpẹ́, Dàwódù sì fi ọwọ́ bo iná fóònù rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà pọ̀ jù, kí obìnrin náà lè rí ibi tó ń kọ sí, nísàlẹ̀ ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ márùn-ún ni wọ́n fi lọ sí pápá náà. Òjò lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tí kùrukùru bo gbogbo ojú ọ̀run, wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, Shukurat sì ń tòògbé lórí àga. Dàwódù ń sọ bí òun ṣe kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà nítorí pé òun kò lè wo bí wọ́n ṣe ń dúńbú màlúù ní Oko Ọba, níbi tí ìyá òun ti ń ta ẹran. Ìbísọ́lá rẹ́rìn-ín. Bí ó ṣe gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ ni ó bo ẹnu, bí ẹni tó jí nǹkan. Nígbà tí ó délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó rí i pé òun kò ronú kan Ọpẹ́ láti ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rù sì bà á ju bí ẹ̀rù ṣe máa ń bà á lásùbá lọ.

Nígbà tí ìràwọ̀ náà wálẹ̀ débi tí kò ṣeé rí mọ́, Dàwódù sin Ìbísọ́lá dé etí títì. Ibẹ̀ ni ó ti dúró.

"Ìbísọ́lá, mo fẹ́ fẹ́ ọ." Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó pè é ní ìwọ nìyẹn. "Mi ò ní kí o gbàgbé ẹnikẹ́ni. Bí o bá gbé ìwé yẹn wọ ilé mi, àyè á wà fún un."

"Ẹ ò mọ ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́."

"Sọ ọ́ fún mi, kí n mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. "Ẹ kọ́kọ́ bá ìyá yín sọ ọ́," ni ó wí.

Shukurat ni alárinà. Ó mú ọ̀rọ̀ lọ bá Àlájà Kùdírátù, ìyá Dàwódù, nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni, nítorí ó ti pẹ́ tí Àlájà ti ń fi ojoojúmọ́ gbàdúrà kí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo níyàwó. Àlájà gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Shukurat, ẹran ni mò ń tà. Bí mo bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀, mo máa ń mọ ibi tí egungun wà nínú rẹ̀. Opó ni, ìyẹn kì í ṣe èèwọ̀. Kìrìsìtẹ́nì ni, ìdajì àwọn ẹbí wa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan gun orí ilé ara rẹ̀, ilé tó dàgbà sí, ó já bọ́, ó kú. Ta ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀?"

"Àlájà, ìyàwó rẹ̀ ń sùn ni."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Bí ó bá dá mi lóhùn, tí ọkàn mi gbà á, kí ó máa bọ̀."

Shukurat rò pé ohun kékeré ni. Ó sọ ọ́ fún Ìbísọ́lá lọ́jọ́ kejì níbi iṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgò tó wà lọ́wọ́ Ìbísọ́lá bọ́, ó fọ́ sílẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò fẹ́ mọ́."

"Kí ló dé? Ìbéèrè lásán lobìnrin yẹn béèrè!"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ mọ́."

Ó fi ìka pa nọ́ńbà Dàwódù rẹ́ lórí fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn kò ṣeé pa rẹ́ bẹ́ẹ̀. Dàwódù wá sí géètì ilé iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń jáde lẹ́nu iṣẹ́. Ìbísọ́lá gba ẹnu ọ̀nà kejì. Ọkùnrin náà tún wá, ó tún wá. Nígbà kẹta, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà kejì.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

"Kí ni ìyá mi ṣe, nígbà náà?"

"Àwọn náà ò ṣe nǹkan kan. Ìbéèrè tó dára ni wọ́n béèrè." Omi ti gba ojú rẹ̀. "Ẹ lọ fẹ́ ẹni tó lè dá wọn lóhùn."

Dàwódù dúró síbẹ̀ títí ó fi kọjá lọ. Kò wá mọ́. Oṣù Kejìlá dé pẹ̀lú ọyẹ́ rẹ̀, eruku bo òrùlé, ó bo ewé, ìràwọ̀ ò sì hàn lójú ọ̀run. Ìbísọ́lá ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Ó rù. Lálẹ́, Màmá á bu oúnjẹ sí i, á jókòó tì í, á máa wò ó bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ kan. Bí oúnjẹ bá tán, Màmá á gbé àwo, á ní, "Ó dàárọ̀, ìyàwó mi."

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kìíní, Ìbísọ́lá mú ọ̀nà Oko Ọba pọ̀n láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán ti pọ́n, ọjà ti tútù, Àlájà Kùdírátù sì ń fi ọ̀bẹ ha orí tábìlì rẹ̀. Obìnrin gíga ni, ojú rẹ̀ le. Kí ó tó béèrè ẹni tó dé, Ìbísọ́lá ti kúnlẹ̀.

"Ìbísọ́lá ni mí, mà. Ẹ ti béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ mi. Èmi ni."

Àlájà fi ọ̀bẹ lélẹ̀.

"A ní àdéhùn ní ọsibítù láago méje àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọdún kẹta wa nìyẹn láìrọ́mọ bí, dókítà ní kí àwa méjèèjì jọ wá. Ó ti ṣèlérí fún mi pé òun ò ní gòkè. Nígbà tí mo jí tí mi ò bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, inú bí mi. Mo tẹ̀lé e lọ sókè. Láti ẹnu ilẹ̀kùn ni mo ti rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti dé etí dẹ́kìn, awò wà lójú rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi láìmọye ìgbà pé ẹni tí awò bá wà lójú rẹ̀ kì í mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun wà, pé kí n máa fọwọ́ kan òun kí n tó sọ̀rọ̀. Mo mọ̀, Àlájà. Mo mọ̀, mo sì fi ìbínú pariwo orúkọ rẹ̀. Ó yí padà. Ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀, ìkejì ò rí ilẹ̀ tẹ̀."

Oníbàárà kan dé, ó fẹ́ ra ṣàkì. Àlájà fi ọwọ́ júwe tábìlì ẹlòmíràn fún un láìwo ojú rẹ̀.

"Ta lo ti sọ èyí fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Nítorí ẹ̀yin nìkan lẹ béèrè."

Àlájà mí sókè, ó mí sílẹ̀. "Dìde. Má kúnlẹ̀ sínú omi ẹran fún mi. Èmi kọ́ ni mo bí i. Ìyá tó bí i ń bẹ láàyè, abẹ́ òrùlé kan náà lẹ sì jọ ń sùn. Òun ni o jẹ ní ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò ní sọ fún Dàwódù, ìwọ lo máa sọ fún un fúnra rẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ bá ìyá yẹn. Ohunkóhun tó bá fi dá ọ lóhùn, kí o wá sọ ọ́ fún mi."

Ọ̀nà láti Oko Ọba dé ilé kò jìnnà, ṣùgbọ́n lójú Ìbísọ́lá, ó gùn ju ọ̀nà ìlú òkèèrè lọ. Ó bá Màmá níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà sínú àwo. Ó kúnlẹ̀, ó di eteetí aṣọ Màmá mú.

"Màmá, mi ò sùn."

Ọwọ́ Màmá dúró nínú ẹ̀wà.

"Lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo..."

"Mo gbọ́," ni Màmá wí.

Ìbísọ́lá gbé ojú sókè.

"Orí àdúrà àárọ̀ ni mo wà. Fèrèsé mi wà ní ṣíṣí, ìsàlẹ̀ ibi tó dúró sí gan-an ni. Mo gbọ́ tí o pè é. Mo gbọ́ tí ó dá ọ lóhùn. Mo sì gbọ́ ìyókù."

"Ó dá mi lóhùn?"

"O ò gbọ́ ni?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ohùn ara mi nìkan ni mò ń gbọ́, títí di àárọ̀ yìí."

Màmá ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìta ló kọjú sí, ìdí nìyẹn. Ó ní, 'Ìbísọ́lá, mo ti rí i! Sáré wá wò ó!' Ó ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ohùn rẹ kọ́ ló mú un yí padà. Ohùn rẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó fi yí padà."

Ẹkún tó jáde lẹ́nu Ìbísọ́lá lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ. Ó dojú bolẹ̀, Màmá náà ń sunkún lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó béèrè ìdí tí Màmá fi dákẹ́.

"Mò ń dúró kí o sọ ọ́ ni," ni Màmá wí. "Lálaalẹ́ ni mò ń bu oúnjẹ sí ọ, tí mò ń wí lọ́kàn pé, lónìí ló máa sọ ọ́. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ohùn ọmọ mi kẹ́yìn, mi ò sì rẹ́ni bá sọ ọ́. O jẹ́ kí n dá a gbé, Ìbísọ́lá. Ìyẹn ló dùn mí."

"Ẹ dárí jì mí."

Màmá tú kọ́kọ́rọ́ kan ní etí ìró rẹ̀. "Mú mi lọ sókè. Fi ibi tó dúró sí hàn mí."

Wọ́n gun àtẹ̀gùn náà díẹ̀díẹ̀, nítorí orúnkún Màmá. Oòrùn ti ń wọ̀. Èéfín ilé iṣẹ́ dúró lójú ọ̀run Ìkẹjà, àwọn irin tí wọn ò tíì fi kọ́lé ta sókè káàkiri orí dẹ́kìn. Ìbísọ́lá na ọwọ́ síbẹ̀, kò lè dé ibẹ̀. Màmá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, jìnnà sí etí, ó fa Ìbísọ́lá jókòó tì í, ilẹ̀ sì ṣú bá wọn níbẹ̀.

Ní ọ̀la rẹ̀, Ìbísọ́lá lọ bá Dàwódù ní ṣọ́ọ̀bù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ohun kan pamọ́. Dàwódù gbọ́ ọ tán, ó tẹjú mọ́ kámẹ́rà tó wà níwájú rẹ̀. Ìbísọ́lá ti ń dìde láti máa lọ.

"Jókòó," ni Dàwódù wí. "Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, mò ń wá bí mo ṣe máa gbé e ni. Mi ò sọ pé mi ò gbé e."

Àlájà Kùdírátù ní tirẹ̀ kò béèrè ju ohun kan lọ nígbà tí Ìbísọ́lá padà sí Oko Ọba láti sọ ohun tí Màmá wí. "Ṣé o sọ ọ́ fún ìyá yẹn lójúkojú, àbí o rán ènìyàn?"

"Lójúkojú, mà."

"Ó tó."

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ọdún náà ni ẹbí Dàwódù wá tọrọ ìyàwó. Nítorí pé Ìbísọ́lá kò ní ìyá, kò ní bàbá, ilé àwọn Ògúnlànà ni wọ́n wá, wọ́n sì jókòó sínú pálọ̀ tí àwòrán Ọpẹ́ wà lára ògiri rẹ̀. Ojú ń ti àwọn àlejò láti gbé ojú wo ògiri náà. Àwọn kan ládùúgbò ti sọ pé ẹ̀gàn ni, pé wọn ò rí i rí kí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó kú lé ọkùnrin mìíràn lọ́wọ́. Màmá gbọ́ ọ. Ó wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó sì gbàdúrà fún wọn lórúkọ Jésù. Gbogbo àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ṣe àmín.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Àlájà Kùdírátù kúnlẹ̀, bí ó ti ga tó, níwájú Màmá.

"Ẹ ṣé, ìyá wa. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti bá wa tọ́jú rẹ̀."

"Mi ò bá yín tọ́jú ẹnikẹ́ni," ni Màmá wí. "Ọmọ mi ni. Mo yá yín ni."

Shukurat tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn di ẹnu mú. Ṣùgbọ́n Àlájà kò dìde, kò sì bínú.

"A gbọ́, mà. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ kí á máa dá a padà?"

Màmá rò ó. "Sátidé," ni ó wí.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Sátidé náà ni. Dàwódù ń fi ọkọ̀ gbé e lọ fúnra rẹ̀, á sì jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn títí wọ́n á fi ṣetán, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà láàárín àwọn obìnrin méjì náà tí kò kan òun. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn àsùbá kan ṣì ń bẹ tí Ìbísọ́lá á jí lójijì tí òógùn á bò ó. Dàwódù kì í béèrè ohun tó gbọ́. Á dìde, á po tíì, á gbé e wá, á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sì jọ máa mu ún títí ilẹ̀ á fi mọ́.